Ọjọ́ márùn-ún lórí òkè àwọn Zimbar, láti Asiago dé Lusérn

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa kúrò ní Vicenza, lápá àríwá Ítálì. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí, gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ti mọ́ ni mo máa ń rí òkè yẹn lápá àríwá, orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ju wàràkàṣì Asiago lọ, ẹ̀yin náà á ti rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Bàbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. A ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan ló sọ pé òun kì í ṣe ará Vicenza látilẹ̀, ará òkè lòun, pé bàbá tó bí bàbá òun kì í sọ Ítálì nínú ilé, èdè mìíràn ni, kì í sì í ṣe Jámánì tòde òní náà. Mo ní èdè wo? Ó ní cimbro, èyí táwọn tó ń sọ ọ́ ń pè ní Zimbar. Mo ní kó sọ díẹ̀ kí n gbọ́. Ó ronú títí, ó ka òǹkà dé mẹ́rin, ó dákẹ́. Ó ní ibi tí òun mọ ọ́n mọ nìyẹn.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bá ọmọ mi obìnrin sọ Yorùbá, ọmọ ọdún méje ni, ó fi Ítálì dá mi lóhùn bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì tètè rí oorun sùn. Ohun tó jẹ́ kí n gba ìsinmi nìyẹn, ohun tó gbé mi débí nìyẹn.

Ọ̀nà gígùn òkè yẹn, kọ́nà lórí kọ́nà, etí mi ń di. Rélùwéè kan ti wà tó ń gun ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, 1910 ni wọ́n ṣí i, 1958 ni wọ́n pa á tì, ojú irin ẹ̀ ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ báyìí. Tó o bá ti dókè tán, àfi bíi pé èèyàn wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilẹ̀ tẹ́ lọ salalu, koríko tútù yọ̀yọ̀, igbó páìnì yí i ká, dípò ọgbà onígi òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi pààlà oko, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lọ bíi pé wọ́n ń dúró de ẹnì kan. Òkè yìí ga tó bíi 1,000 mítà. Oṣù karùn-ún la wà o, mo sì wọ sùẹ́tà.

Ìlú méje ló wà níbẹ̀ látijọ́, ohun tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Sette Comuni nìyẹn. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Ítálì, àmọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiẹ̀ tó tọ́jú sínú. Asiago ni Sleghe. Roana ni Robaan. Gallio ni Ghel. Foza ni Vüsche. Enego ni Ghenebe. Lusiana ni Lusaan. Rotzo nìkan lorúkọ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, Rotz. Wọ́n ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń kà wọ́n pọ̀, mo kọ ọ́ sínú fóònù mi mo sì há a sórí nínú bọ́ọ̀sì: Sleghe un Lusaan, Ghenebe un Vüsche, Ghel, Rotz, Robaan, dise saint siben, alte komeun, prüdere liben. Ìyẹn ni pé, ìwọ̀nyí ni méje, ìlú àtayébáyé, arákùnrin tó fẹ́ràn ara wọn. Tẹ́ ẹ bá kà á sókè ẹ ó gbọ́ pé bí oríkì ló ṣe ń lọ.

Ìjọba tara wọn ni wọ́n ṣe. Láti 1310 ni wọ́n ti so pọ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ di 1807 tí àwọn Napoleon fi tú wọn ká. Nígbà tí Venice gba ilẹ̀ náà ní nǹkan bí 1405, kò fọwọ́ kan ìjọba wọn, ó tún fojú fo ọ̀pọ̀ owó orí fún wọn, tórí àwọn ló ń ṣọ́ ojú ọ̀nà orí òkè fún un, igi inú igbó wọn ló sì fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àtẹ̀gùn òkúta kan wà tí wọ́n fi ń sọ gìdìgbà igi sí odò Brenta nísàlẹ̀, Calà del Sasso lorúkọ ẹ̀, ìgbésẹ̀ 4,444 ni, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Mi ò sọ̀ ọ́ o, orókún mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wá rìn wọ àárín Asiago. Ìlú tó mọ́ tónítóní, ilé dáadáa, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe mí kí n tó mọ ohun tó jẹ́: kò sí ilé àtijọ́. Ìlú tọ́jọ́ orí ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rin ọdún, kò sí ilé àtijọ́! May 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, làwọn ọmọ ogun Austria ya bo orí òkè yìí, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí àwọn ará ìlú ti ń fẹsẹ̀ fẹ, màlúù, ọmọ, àgbà, gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lápá Vicenza. Àgbá run Asiago kanlẹ̀. Mo gùn lọ sí Leiten, òkè kékeré tí wọ́n kọ́ ilé ìsìnkú ológun sí, funfun ni, ó rí bí ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí kò ní ilé lẹ́yìn. Ó lé ní 50,000 ọmọkùnrin tó wà nínú ibẹ̀, ti Ítálì àti ti Austria, ọ̀pọ̀ ni kò lórúkọ. Mo dúró níbẹ̀ títí òtútù fi lé mi.

Ohun tí ogun yẹn ṣe fún èdè ni mi ò tíì rò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sá lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n fọ́n wọn ká sáàárín àwọn tó ń sọ èdè Veneto, ìyẹn èdè agbègbè Vicenza, ọ̀pọ̀ ò padà fọ́dún mẹ́ta, ọmọ tó lọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta padà ní mẹ́fà, ahọ́n ẹ̀ ti yí. Lóòótọ́ ní Asiago fúnra ẹ̀ èdè náà ti ń rọ kí ogun tó dé, tórí ọjà ibẹ̀ tóbi, àlejò pọ̀, ṣùgbọ́n ní Roana àti Rotzo ogun ló fọwọ́ ẹ̀ fa gbòǹgbò.

Kí n tó gbàgbé. Lónìí tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Finzta làwọn Zimbar ti Lusérn, abúlé tí mo máa parí ìrìn yìí sí, ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Bavaria àtijọ́ ni, inú èdè Gíríìkì ló sì ti wá, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọjọ́ karùn-ún. Mo ka ìyẹn mo jókòó sí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi kì í sọ Ọjọ́bọ̀, Àlàmísì ló máa ń sọ, Lárúbáwá lèyí wá látinú ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ náà sì ni ọjọ́ karùn-ún. Ìyá mi níbi tó wà àti ìyá arúgbó kan lórí òkè yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì

Àárọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mezzaselva, abúlé kan lábẹ́ Roana. Afárá kan wà lọ́nà tó gba orí àfonífojì Assa kọjá, ó jìn débi pé mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan wà ní apá ibẹ̀ tí wọ́n ti rí àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ fi nǹkan mímú fín sára àpáta, Tunkelbald lorúkọ ibẹ̀. Tunkel ni òkùnkùn, bald ni igbó. Igbó dúdú. Èèyàn lè má sọ èdè kan mọ́ kó sì máa pè é lójoojúmọ́ bó bá ń júwe ọ̀nà. Mezzaselva náà, ohun tí Ítálì ẹ̀ túmọ̀ sí ni àárín igbó, wọ́n kàn yí orúkọ Zimbar ẹ̀ padà ni, Mittebald.

Àǹtí bàbá ibiṣẹ́ mi ló gbà mí lálejò. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ó wé gèlè kékeré, ó ti gbé kọ́fí ka iná kí n tó dé. Mo kí i, mo ní ẹ kú ilé mà, ìyẹn ní Ítálì ṣá, mo fún un ní bísíkíìtì tí mo rà. Ó ní ṣé tìtorí èdè ni mo ṣe wá láti Vicenza? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ò béèrè rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àdúrà Olúwa. Ünzar Vatar von me hümmele... Ó pa ojú dé, ó ń sọ ọ́ lọ geere, ọwọ́ ẹ̀ lórí tábìlì, nígbà tó parí mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ kí n gbà á sílẹ̀, ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà mo béèrè àwọn nǹkan inú ilé. Búrẹ́dì? Proat. Omi? Bassar. Igbó? Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó ní balt. Mo ní báwo lẹ ṣe máa sọ pé "ebi ń pa mí, mo fẹ́ jẹun"? Ó la ẹnu, ó dákẹ́, ó tún la ẹnu. Kò jáde. Ó ní ó wà ní orí ahọ́n òun o, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti tó ogójì ọdún tẹ́nì kan ti bi òun lóhun tóun máa fi dáhùn.

Àdúrà wà lódindi, ebi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ń rò ó títí di báyìí tí mo ń kọ èyí.

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n fòfin dè é ni. Ó ní nígbà Mussolini, ìyá òun sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí tíṣà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ìyẹn gan-an ló pa á nínú ilé tàwọn. Ó ní bàbá òun àti ìyá òun, èdè náà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ ẹni tó lóyún, ọ̀rọ̀ ẹbí. Tí wọ́n bá ti kọjú sọ́mọ, Veneto ni, tórí Veneto ló máa jẹ́ kọ́mọ rí iṣẹ́ ṣe. Ó ní èyí tóun mọ̀ yìí, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lòun ti gbọ́ ọ.

Ẹ gbà mí. Kí lèmi àtìyàwó mi ń fi Yorùbá ṣe nínú ilé wa? Owó ilé tí a ò tíì san, ọ̀rọ̀ àbúrò mi, ohun tí dókítà sọ. Ohun tí a ò fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ náà ni.

Mo kúrò lọ́dọ̀ Màmá lọ́sàn-án, ó fi ọ̀dùnkún Rotzo sínú báàgì mi, ó ní kò sí irú ẹ̀ nísàlẹ̀, bí mo sì ṣe ń kọjá ní àwọn oko ibẹ̀ òun ni wọ́n gbìn lọ rẹrẹ. Mo ń rìn mo ń ronú sí àwọn ọ̀rọ̀ tó fún mi, mo wá wò ó pẹ̀lú Jámánì inú fóònù, mo rí i pé nǹkan kan ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Níbi tí Jámánì bá ti fi "w" sí, "b" lèdè yìí ń pè: Wald di balt, Wasser di bassar. Níbi tí Jámánì bá ti fi "b" sí, "p" ni: Brot di proat, Berg di perg, Bruder di pruder. Bí èèyàn bá ti di ìyẹn mú, ọ̀pọ̀ orúkọ lórí máàpù á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti wá gan-an, ìtàn méjì ló wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ gbà pé àwọn Cimbri ni wọ́n, ẹ̀yà tí Marius ọ̀gágun Róòmù ṣẹ́gun ní 101 ṣáájú Kírísítì, pé àwọn tó kù ló sá gun òkè. Ìtàn yẹn dùn, ó kárí débi pé Frederick IV ọba Denmark fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá wò wọ́n ní 1709, tórí ó gbà pé ọmọ ilẹ̀ òun ni wọ́n. Johann Andreas Schmeller, ará Bavaria, ló wá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó wá ní 1833, ó tún padà wá ní 1844, ó wá fi hàn pé Jámánì apá Bavaria ti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá ni wọ́n ń sọ, tó dúró sójú kan nígbà tí ti ilé ń yí padà. Àwọn àgbẹ̀ àti gẹdúgẹdú ni wọ́n, ìyàn àti òṣì ló lé wọn wá wá ilẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní orúkọ Zimbar fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gégi tó ń kan pákó ló jọ. Lójú tèmi, ìtàn gẹdúgẹdú yìí níyì ju ti jagunjagun lọ.

Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lédè náà, 1602 ni, ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn tí bíṣọ́ọ̀bù Padova ní kí wọ́n ṣe fún wọn, torí pé àwọn obìnrin àtọmọdé ò gbọ́ Ítálì. 1602 o! Mo lọ sí músíọ̀mù kan láti lọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àsìkò tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà bá tèmi mu, ìlẹ̀kùn ò ṣí, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Ó dùn mí. Mo fẹsẹ̀ rìn padà dé ibi bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí mo mú bọ́ sí ti Rogazione. Ọlọ́run ló ṣe é. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Ìgòkè-re-ọ̀run, àwọn ará Asiago máa ń fẹsẹ̀ yí gbogbo ààlà ilẹ̀ ìjọ wọn po, nǹkan bí 33 kìlómítà, láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Yíyí ayé po ni wọ́n ń pè é. Àjàkálẹ̀ àrùn 1631 ni wọ́n fi ń rántí, tó gbẹ̀mí èèyàn rẹpẹtẹ lórí òkè yìí, àwọn tó kù ló jẹ́jẹ̀ẹ́.

Aago mẹ́fà ìdájí a ti wà níwájú Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Èèyàn pọ̀ bí omi, arúgbó, ìkókó lẹ́yìn bàbá ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó kó sókè láti ìlú ńlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àgbélébùú síwájú, àlùfáà tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ẹni mímọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan á dá a, ogunlọ́gọ̀ á gbè é, ohùn yẹn á gba inú igbó lọ bọ̀ wá bá wa lẹ́yìn torí ìlà ti gùn kọjá ohun tí ojú lè ká. Ìrì lórí koríko, bàtà mi tutù kí aago méje tó lù. Wọ́n ń ki gbogbo abúlé tá à ń kọjá, wọ́n ń súre fún oko. Mo dàgbà sílé tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ yí ìlú ká tórí àìsàn, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi.

Ní Lazzaretto la ti gba Máàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí àrùn bá mú sí nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn oúnjẹ jáde, wàràkàṣì, sọ́séèjì, wáìnì, gbogbo èèyàn jókòó sórí koríko. Ẹyin ni mo wá rí. Ẹyin sísè tí wọ́n kùn láwọ̀ mèremère, pupa, búlúù, òmíràn fi òdòdó yàwòrán sára, àwọn ọmọbìnrin ló máa ń fún àwọn ọmọkùnrin, ẹni tó bá sì gba ẹyin mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ọmọdékùnrin kan wà nítòsí mi tí ẹyin mẹ́ta wà nínú fìlà ẹ̀, etí ẹ̀ pọ́n bí ata. Ìyá kan tá a jọ ń rìn láti àárọ̀ bi mí bóyá mo lọ́mọ, mo ní méjì, obìnrin kan ọkùnrin kan, ó fún mi ní ẹyin pupa kan, ó ní kí n fún ọmọbìnrin mi. Mo fi tíṣù wé e, mo tẹ́ ẹ sínú kúlà oúnjẹ mi.

A rìn títí. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n sọ tàbí tí wọ́n kọ lónìí tó jẹ́ èdè Zimbar, Látìnì àti Ítálì àti Veneto ni gbogbo ẹ̀, mo sì fetí sílẹ̀ o, fún wákàtí mẹ́tàlá. Ẹ̀jẹ́ 1631 ṣì ń rìn, ẹnu tó jẹ́ ẹ ti yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lọ sí apá Lavarone lọ́la ní òun máa gbé mi dé Lusérn, tórí bọ́ọ̀sì láti ìhín sí ọ̀hún ṣòro ní Sọ́ńdè. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo sùn láìwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀nà gba Vezzena. Ibì kan wà lọ́nà tó jẹ́ ààlà Ítálì àti Austria títí ogun fi parí ní 1918, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Asiago àti Lusérn ìhín àti ọ̀hún ààlà yẹn náà ni. Páìnì tó wó ṣì wà nílẹ̀ káàkiri, ìjì tí wọ́n pè ní Vaia ló wó wọn lóṣù October 2018, kòkòrò tó ń jẹ èèpo igi sì wá jẹ èyí tó kù, tórí náà igbó tó yẹ kó dúdú ní àwọ̀ eérú láwọn ibì kan.

Lusérn wà ní etí òkè, 1,333 mítà, bí èèyàn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i àfonífojì Astico ló máa bá nísàlẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 300. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, mo kọ́kọ́ wo àwọn bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà. Nicolussi. Nicolussi. Nicolussi. Àdúgbò kan odindi! Orúkọ kejì ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, Nicolussi ti ilé báyìí, Nicolussi ti ilé báyẹn, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ọmọ agboolé wo ni ẹ́.

Mo wọ ilé kọ́fí láti lọ gbóná. Àwọn bàbá méjì ń ta káàdì. Mo ń bu ṣúgà sínú ife mi kí n tó mọ̀ pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, pé kì í ṣe Ítálì. Wọ́n ń jiyàn lórí káàdì, ọ̀kan na tábìlì, èkejì ń rẹ́rìn-ín. Ara mi gbọ̀n rìrì, ẹ má rò pé mo ń ṣàbùmọ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ èdè yìí lára pátákó àti lára àdúrà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń bínú.

Ìyá tó ni káńtà rí mi, ó ní ṣé mo ń wá nǹkan ni. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ wá pọ̀. Ó ní ohun tó pa Lusérn mọ́ ni pé Austria ló ni wọ́n, ilé-ìwé wọn Jámánì ni, ọ̀nà mọ́tò ò tètè débẹ̀, àwọn ọkùnrin bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn obìnrin ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ, èdè sì wà lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tí ogun dé ní 1915 àwọn náà sá, wọ́n kó wọn lọ sí Bohemia, àmọ́ wọ́n padà wá pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn obìnrin náà ló ń fi ọwọ́ hun léèsì, wọ́n kọ́ ọ nígbà ayé Austria, ó fi ọ̀kan hàn mí, olówùú funfun, mo rántí léèsì Austria tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọdún, èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe ní Lustenau, ó sì yà á lẹ́nu pé wọ́n mọ Lustenau ní Èkó.

Lóde òní wọ́n ń jà fún un tọkàntọkàn. Òfin Ítálì 482 ti 1999 dá wọn mọ̀. Wọ́n ní ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n, Zimbar Earde. Wọ́n ní àsìkò ìsinmi ọmọdé tí wọ́n ń fi èdè náà ṣeré, Zimbar Kolonia, àti ti àwọn ìkókó, Khlummane lustege tritt, ìyẹn ìgbésẹ̀ kékeré aláyọ̀. Nígbà ìkànìyàn 2001, èèyàn 882 ní ìpínlẹ̀ Trento ló ní Zimbar làwọn, ní 2011 ó di 1,072, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti lọ ń gbé nísàlẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyẹn. Iṣẹ́ ò sí lókè. Ní nǹkan bí 2020 wọ́n gbé ilé mẹ́rin sílẹ̀ fún ìdílé mẹ́rin láì gba owó ilé fọ́dún mẹ́rin, kí ọmọdé lè wà nílùú. Mo bi í pé àwọn àlejò yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n á sọ Zimbar? Ó ní àwọn ọmọ wọn ń kọ́ ọ. Mo ní kí lẹ ń ṣe tí ọmọ bá fi Ítálì dá yín lóhùn? Ó ní òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ebi á pa á, á rántí."

Ọ̀sán mo lọ wo Haus von Prükk, ilé àgbẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n tọ́jú bó ṣe wà, yàrá kékeré, ibi màlúù lábẹ́, ibi ìdáná dúdú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná yẹn pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Àárọ̀ mo gùn lọ sí odi ológun Lusérn. Kọnkéré tó fọ́ yángá, irin tó lọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ níbí ní May 1915 ni ìbọn Ítálì bò ó débi pé ọ̀gá ibẹ̀ ta àsíá funfun, àwọn odi Austria tó kù nítòsí sì yìnbọn sí i kí àwọn Ítálì má bàa gbà á. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mi ò pẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ wá dúró de bọ́ọ̀sì tó máa gbé mi lọ sí apá Trento, kí n lè wọ rélùwéè gba Verona délé. Ó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ kékeré kan ń gun kẹ̀kẹ́ yí ojú títì po níwájú mi, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìyá àgbà ẹ̀ yọ sójú fèrèsé òkè, ó pè é, ọmọ náà kọ̀, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ìyá tún pè, ohùn ẹ̀ ti yí, ọ̀rọ̀ gígùn kan ló sọ tí mi ò gbọ́ nínú ẹ̀ ju proat lọ. Ọmọ fi Ítálì fèsì. Ìyá ò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró lójú fèrèsé. Ọmọ yípo lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, ó gbójú sókè, ó sì sọ gbólóhùn kan ní Zimbar kó tó sáré wọlé.

Inú rélùwéè ni mo ti ń kọ èyí, a ti kọjá Rovereto. Mo ṣí kúlà wò, ẹyin náà ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pupa ẹ̀ ò tíì ṣí. Ìyàwó mi ní ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi láti ìgbà tó ti dé láti ilé-ìwé, mo ní kó gbé fóònù fún un, mo sì kí i, mo béèrè ohun tó jẹ lọ́sàn-án. Ó sọ ọ́ ní Ítálì. Mo dákẹ́. Ó ní "Daddy?" Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó ń bi ìyá ẹ̀ léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó wá padà. Ó ní, "Ìrẹsì."